Bí A Ṣe Ń Ya Máàpù Omíyalé Tí Ará Àdúgbò Lè Kà

Kí ẹ tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló máa ka máàpù yìí, kí ló sì fẹ́ mọ̀? Fún àwa tí a wà n'Íbàdàn, ẹni tó nílé ní Apẹ̀tẹ̀ tàbí Odò-Ọ̀nà fẹ́ mọ̀ bóyá omi máa dé ẹnu ọ̀nà òun. Omíyalé Ògùnpa ti 31 oṣù Kẹjọ 1980 ṣì wà lẹ́nu àwọn àgbà. Ti 26 oṣù Kẹjọ 2011, tó pa èèyàn tó lé ní 100, tó sì wó afárá Apẹ̀tẹ̀, ojú ọ̀pọ̀ wa ló ṣe.

QGIS, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya máàpù, ni mo ń lò. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ gba odò, títì àti ilé láti OpenStreetMap, máàpù ayé tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì gba gíga ilẹ̀ láti SRTM, ìyẹn dátà gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ gbalasa òfurufú Amẹ́ríkà fi rédà wọ̀n ní oṣù Kejì 2000. Ẹ yí gbogbo fáìlì sí UTM zone 31N (EPSG:32631), ètò ìwọ̀n tó ń fi mítà ka ilẹ̀, kí ẹ tó wọn ohunkóhun. Bí ẹ bá fi wọ́n sílẹ̀ ní digiríì, tí ẹ wá ní kí ó fa ààlà 30 sí ẹ̀bá odò, digiríì ló máa kà á sí, kì í ṣe mítà, ààlà náà á sì ré kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ farabalẹ̀ sí jù nìyí. Gíga kan ṣoṣo ni SRTM ní fún ilẹ̀ 30 mítà sí 30 mítà, ìyẹn bíi pulọ́ọ̀tì méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 50 sí 100 ẹsẹ̀ bàtà. Kò mọ gọ́tà, kò mọ fẹ́ǹsì. Orí òrùlé àti orí igi ni rédà náà sì sábà máa ń kàn, nítorí náà àdúgbò tí ilé ti há mọ́ra á dà bíi pé ó ga ju bó ṣe rí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi irú ìwọ̀n yìí fa ìlà gérégé láàárín ilé méjì pé omi máa wọ èyí, kò ní wọ ìyẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọ̀ tí ẹ fi ṣàmì omi máa ṣá lọ díẹ̀díẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú tépù àti fóònù, ẹ lọ sí ẹ̀bá odò. Ẹ bi ìyá tó ti ń tajà níbẹ̀ tipẹ́ léèrè. Á na ọwọ́ sí ògiri: “Ibí ló dé, ó bo fèrèsé yìí.” Ẹ wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, ẹ fi GPS inú fóònù gba ojú ibẹ̀, ẹ kọ ọdún náà sí i. Irú àmì bẹ́ẹ̀ wúlò lójú mi ju àwòrán sátẹ́láìtì lọ níbí. Rédà inú sátẹ́láìtì Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù ń ríran gba inú ìkùukùu, omi tó pa rọ́rọ́ a sì máa hàn dúdú nínú rẹ̀. Ó dára fún Lọ́kọ́ja, níbi tí omi Ọya àti Bẹ́núè ti ń pẹ́ nílẹ̀. Àgbàrá Ìbàdàn lè ti wálẹ̀ tán kí sátẹ́láìtì tó kọjá.

Àwọ̀ búlúù ni kí ẹ lò, láti fífẹ́lẹ́ dé dúdú. Ẹ má kó pupa àti àwọ̀ ewé pọ̀, àwọn kan wà tí kò lè dá méjèèjì mọ̀. Ẹ kọ orúkọ mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ilé epo sí i bí àdúgbò ṣe ń pè é. Ẹ kọ déètì àti ibi tí ẹ ti rí dátà sí ìsàlẹ̀.

WhatsApp ló máa gbé e dé ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí náà ẹ ṣe àwòrán tí kò wúwo. Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ gbé e fún onílé kan tí kò rí i rí, kí ó fi ìka tọ́ka sí ilé rẹ̀. Bí kò bá rí i, ẹ padà lọ tún orúkọ títì kọ.