Descriptor tàbí fingerprint: bí mo ṣe ń mú èyí tí mo máa lò

Descriptor àti fingerprint ni ọ̀nà méjì tí a fi ń sọ mólékù di nọ́ńbà fún kọ̀ǹpútà. Fi RDKit, irinṣẹ́ kẹ́místrì, sórí kọ̀ǹpútà rẹ. Ọ̀fẹ́ ni, inú Python la ti ń lò ó. Wá tẹ SMILES (mólékù tí a fi lẹ́tà kọ) méjì sí i: CCO àti COC. CCO ni ọtí tó wà nínú ògógóró. COC, dimethyl ether, gáàsì ni.

Ní kí MolWt, tó ń ṣírò ìwọ̀n mólékù, wọ̀n wọ́n. 46.07 ni méjèèjì, torí átọ́ọ̀mù kan náà ni wọ́n ní, títò wọn lásán ló yàtọ̀. Descriptor nìyẹn: nọ́ńbà kan fún odidi mólékù, bí ìgbà tí télọ̀ bá wọn èjìká rẹ. Ṣùgbọ́n télọ̀ wo ló ń fi èjìká nìkan rán agbádá? Wọn TPSA náà, ìyẹn fífẹ̀ apá ojú mólékù tó fẹ́ràn omi. Ọtí mú 20.23, èkejì mú 9.23.

Fingerprint kì í wọn nǹkan, ó ń wo ohun tó wà àti ohun tí kò sí: 1 tàbí 0. MACCS, oríṣi fingerprint kan, dà bí ìwé ẹrù ìdána tí ẹbí ìyàwó fi ń yẹ ẹrù wò: oyin ńkọ́? Obì ńkọ́? Ìbéèrè 166 ló ní. Morgan, oríṣi mìíràn, kò mú ìwé kankan dání. Orí átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ń dúró sí, á wo aládùúgbò rẹ̀, á tún wo aládùúgbò ti aládùúgbò, bí radius (bó ṣe ń wo jìnnà tó) bá jẹ́ 2, á wá ṣàmì ohun tó rí sínú ọ̀kan nínú àpótí 2048. Nǹkan méjì lè bọ́ sínú àpótí kan, nítorí náà má tètè sọ pé o mọ ohun tí àpótí kan dúró fún.

Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá oògùn tí a gbé mì máa wọnú ẹ̀jẹ̀, descriptor ni mo ń mú, pẹ̀lú òfin Lipinski ti 1997: ìwọ̀n kò gbọdọ̀ ju 500 lọ, LogP (bí ó ṣe fẹ́ràn ọ̀rá ju omi tó) kò gbọdọ̀ ju 5. Bí ó bá jẹ́ ìbátan chloroquine ni mò ń wá láàárín ẹgbẹ̀rún mólékù, fingerprint ni. Tanimoto, òṣùwọ̀n ìjọra, ló ń bá mi ka àpótí tí àwọn méjèèjì jọ ní, tó sì ń fi gbogbo èyí tí ó kéré tán ọ̀kan ní pín in.

Tanimoto yìí ti dójú tì mí rí. Mo fi quinine wé ìbátan rẹ̀, quinidine, ó ní 1.0, pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Mo bú ara mi pé SMILES kan náà ni mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Irọ́ ni! Ìsopọ̀ wọn kò yàtọ̀, ibi tí apá kan kọjú sí ló yàtọ̀, Morgan kì í sì í wo ìyẹn bí o kò bá rán an níṣẹ́. MolWt pàápàá kò lè gbà mí, 324.42 ni méjèèjì. Kọ includeChirality=True sínú GetMorganGenerator, kí o sì rí i pé àmì @, tó ń sọ ibi tí apá kọjú sí, wà nínú SMILES rẹ. Nígbà tí mo ṣe é, 1.0 yẹn wálẹ̀.