Ìnáwó Eyín Tó Dé Lójijì: Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Agbo Ilé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àbúrò bàbá mi kan tí ó ń dá oko kòkó ní ọ̀nà Ìfẹ̀wàrà ní ihò nínú eyín ìsàlẹ̀ lápá òsì. Lẹ́yìn tí gbogbo wàhálà náà parí, a jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a mú ìwé àjákọ ọmọ rẹ̀, a sì kọ gbogbo owó tí eyín yẹn gbà sílẹ̀. Kẹ́mísì ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Lẹ́yìn náà ni àgbo akokoro, owó ọ̀kadà, owó ọkọ̀ wá sí Iléṣà lẹ́ẹ̀mẹta, owó àwọn tí ó bá a fọ́ kòkó nítorí pé kò lè dìde, oúnjẹ ẹni tí ó dúró tì í ní ọsibítù, àti ibùsùn ọjọ́ márùn-ún. Owó tí wọ́n fi yọ eyín náà gan-an ni a kọ kẹ́yìn, òun ni ó sì kéré jù lọ nínú gbogbo ohun tí ọsibítù gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí ìdí èyí ni mo ṣe kọ ìwé ìtọ́sọ́nà yìí: ọjọ́ tí a fi dúró ni ó máa ń gba owó lọ́wọ́ wa ju eyín lọ.

Bí owó ṣe ń gorí owó

Ara eyín le lóde, kò le tó bẹ́ẹ̀ nísàlẹ̀, iṣan àti ẹ̀jẹ̀ sì wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀. Nígbà tí ihò bá ṣì wà lókè, omi tútù tàbí nǹkan dídùn nìkan ni yóò máa ta eyín náà, ìrora ọ̀hún yóò sì lọ láìpẹ́; ní àkókò yìí, dókítà eyín lè fọ ihò náà kí ó sì dí i ní ìjókòó kan ṣoṣo. Bí ihò bá ti kan iṣan, ìrora yóò máa jíni lóru, yóò sì máa lọ sí etí àti ẹ̀bátí. Nígbà náà, ọ̀nà méjì ni ó kù: kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò eyín kí wọ́n sì dí i, èyí tí ó sábà máa ń gba fọ́tò eyín àti ìlọsíwá-sẹ́yìn púpọ̀, tàbí kí wọ́n yọ ọ́.

Ibi tí ó ti ń tan àwọn ènìyàn wa jẹ ni ohun tí ó ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, ìrora náà lè dákẹ́ fúnra rẹ̀. Àgbẹ̀ á ní àgbo ti ṣiṣẹ́, á sì padà sóko. Ṣùgbọ́n iṣan eyín ni ó ti kú. Kòkòrò àìsàn ṣì wà ní ìdí gbòǹgbò, ó ń kó ọyún jọ díẹ̀díẹ̀ sínú egungun àgbọ̀n. Ọjọ́ tí ọyún náà bá wá ọ̀nà àbájáde ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń wú lójijì. Bí ó ti rí fún àbúrò bàbá mi gan-an nìyẹn. Oṣù méjì ni eyín náà fi dákẹ́ kí ó tó wú.

Oògùn apakòkòrò tí a rà ní kẹ́mísì lè mú kí wíwú náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dí ihò, kò sì lè mú òkú iṣan kúrò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra kápúsù mẹ́ta lónìí, tí ó tún ra mẹ́ta lóṣù tó ń bọ̀, owó eyín ni ó ń san láìrí ìtọ́jú eyín gbà. Ẹ má ṣe da omi bátìrì tàbí epo bẹntiróòlù sínú ihò eyín, ẹ má sì fi ìyẹ̀fun oògùn ẹ̀fọ́rí lé èrìgì, nítorí pé wọ́n ń jó ẹran ẹnu. Bí ẹ bá ń lo parasitamọ́ọ̀lù 500 mg kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju hóró 8 lọ láàárín wákàtí 24.

Ìgbà tí a kì í dúró ka owó

Bí abẹ́ àgbọ̀n bá wú tí ó sì le, bí ahọ́n bá ń gòkè, bí aláìsàn kò bá lè gbé itọ́ mì tàbí la ẹnu, bí mímí bá ń nira, bí ojú bá ń wú padé, tàbí bí ibà líle bá bá wíwú náà wá, ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lóru ọjọ́ náà, ì báà jẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild níhìn-ín ní Iléṣà tàbí ní Ilé-Ifẹ̀. Irú wíwú bẹ́ẹ̀ lè dí ọ̀nà ọ̀fun, ó sì lè pànìyàn. Òfin Ìlera ti Orílẹ̀-èdè wa tí wọ́n ṣe ní ọdún 2014 sọ ní abala 20 pé ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kankan kò gbọ́dọ̀ kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ó wà nínú pàjáwìrì, ohun yòówù kí ó fà á. Ẹ lè fi sùúrù àti ọ̀wọ̀ rán wọn létí òfin yìí. Kò túmọ̀ sí pé ìtọ́jú di ọ̀fẹ́. Owó yóò ṣì wà láti san lẹ́yìn náà.

Bí ọmọ bá ṣubú lórí ọ̀kadà tí odindi eyín àgbà sì yọ jáde, ẹ wá eyín náà, ẹ mú un ní orí rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan gbòǹgbò, ẹ má sì fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án wéré, kí ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀, kí ọmọ náà sì rọra fi eyín di aṣọ mímọ́ mú lé e lórí. Bí èyí kò bá ṣeé ṣe, ẹ fi í sínú mílíìkì olómi tí kò ní ṣúgà, kí ẹ sì dé ọ̀dọ̀ dókítà láàárín wákàtí kan. Eyín wàrà ọmọdé nìkan ni a kì í dá padà.

Ohun tí ó yẹ kí a béèrè kí a tó sanwó

Ilé ìwòsàn eyín ti Fásitì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀, kò sì jìnnà sí wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà eyín, nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ́kọ́ yẹ ẹnu yín wò lójú ọ̀gá rẹ̀. Kí ìyẹn má bà yín lẹ́rù. Ẹ tètè dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, kí ẹ sì béèrè iye owó káàdì, fọ́tò, abẹ́rẹ́, iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ àti oògùn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ béèrè pé, “Ṣé gbogbo rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lónìí? Èwo ni ó lè dúró?” Dókítà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Bí ọwọ́ bá há pátápátá, ẹ ní kí wọ́n fi yín han àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbọ́ ẹjọ́ aláìsàn tí kò lówó.

Ní tèmi, bí ó bá jẹ́ eyín tí ó wà ní ẹ̀yìn pátápátá lẹ́nu, mi ò rí àbùkù nínú yíyọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbà kí wọ́n yọ eyín iwájú nítorí pé ó dínwó, ẹ ro owó eyín àtọwọ́dá mọ́ ọn.

Owó tí ó burú jù láti fi tọ́jú eyín ni èyí tí a yá lọ́wọ́ ẹni tí ń ra kòkó lórí kòkó tí ó ṣì wà lórí igi, nítorí pé iye tí ó bá wù ú ni yóò fi rà á nígbà ìkórè. Ní ilẹ̀ òṣómàáló, àwọn oníṣòwò tí ń lóṣòó ti onígbèsè títí yóò fi sanwó, ta ni kò mọ bí gbèsè ṣe máa ń jókòó tini lẹ́nu ọ̀nà? Agbo ilé tí ó bá ń dá ₦500 lọ́sẹ̀ sọ́dọ̀ alájọ fún ìtọ́jú ara nìkan yóò ní ₦26,000 lọ́dún, kí a tó yọ owó alájọ. Ẹ tún béèrè nípa ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nígbà tí ara yín ṣì dá: ẹ bi wọ́n bóyá yíyọ eyín àti dídí ihò wà nínú rẹ̀, ọsibítù wo ni ẹ lè lò, àti ọ̀sẹ̀ mélòó ni ẹ óò dúró kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Bí wọ́n bá ti yọ eyín, ẹ di òwú tí wọ́n fi síbẹ̀ mú dáadáa fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má yọ ẹnu líle, ẹ má mu sìgá, ẹ má sì fi ahọ́n tàbí igi tọ ojú ihò náà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Láti ọjọ́ kejì, ẹ máa fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí a po iyọ̀ díẹ̀ sí yọ ẹnu. Bí ẹ̀jẹ̀ dídì tí ó bo ihò náà bá ṣí kúrò, egungun yóò hàn síta, ìrora yóò padà wá ní nǹkan bí ọjọ́ kẹta, ẹ óò sì tún san owó ọkọ̀ padà lọ.