Kéèkì elégédé tí àárín rẹ̀ kì í jiná

Elégédé ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ ojú àti ẹnu sí lára fún ayẹyẹ Halloween níbí ní Amẹ́ríkà lómi nínú jù. Ohun tó ń ba kéèkì àwọn ọmọ mi jẹ́ nìyẹn: òkè á pọ́n dáadáa, àárín á rì, ọ̀bẹ á sì gbé ìyẹ̀fun tútù jáde. Bí mo bá jẹ́ kó pẹ́ sí i nínú ààrò, etí rẹ̀ ló ń gbẹ.

Omi yẹn ni mo wá gbógun tì. Mo yan elégédé náà nínú ààrò, mo lọ̀ ọ́, mo dà á sínú aṣọ funfun tó mọ́, mo fún un bí ẹni tó ń sẹ́ ògì. Omi aláwọ̀ ọsàn ń kán tótó sínú abọ́. Mo tún gbé elégédé tí mo ti fún náà ka iná díẹ̀, mo ń fi orógùn yí i títí ó fi ki. Mo yan kéèkì ní 350°F, mi ò sì yọ ọ́ àfìgbà tí inú rẹ̀ gbóná dé nǹkan bí 200°F. Ó jiná dénú, ó sì rọ̀!

Ẹ má da omi náà nù o, ó dùn nínú ọbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí elégédé kékeré tí wọ́n ń tà fún sísè, òun ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tí wọ́n ti gbẹ́, tí àbẹ́là ti jó nínú rẹ̀, tó sun ìta mọ́jú, ẹ má fi se oúnjẹ fún ọmọ rárá.