Bí mo ṣe tún sudo ṣe láì fọ́mátì kọ̀ǹpútà

Àbúrò mi kan tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ prógíráàmù ló pè mí lálẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, sudo ò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n ní àfi kí n fọ́mátì ẹ̀." Sudo ni àṣẹ tó ń jẹ́ kéèyàn fi agbára root, alábòójútó tó ní gbogbo agbára lórí ẹ̀rọ Linux, ṣiṣẹ́. Mo ní kó má fọwọ́ kan nǹkan kan. Debian 12, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Linux, ló wà lórí láàpútọ́ọ̀pù náà, iṣẹ́ ẹ̀ sì pọ̀ nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ fọ́mátì yìí máa ń dùn mí, torí òun ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe máa ń kọ́kọ́ sọ, nígbà tí wọn ò tíì wo ohun tó bà jẹ́. Mo ní kó ka ohun tí ẹ̀rọ náà kọ sójú fún mi:

sudo: /usr/bin/sudo must be owned by uid 0 and have the setuid bit set

Ohun tó ń sọ ni pé root, ẹni tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 0, ló gbọ́dọ̀ ni fáìlì sudo, kí fáìlì náà sì ní àmì setuid. Ẹ̀rọ náà ti jẹ́wọ́. Mo bi í pé kí ló tẹ̀ kẹ́yìn. Ó ní npm, tó ń fi irinṣẹ́ JavaScript sórí ẹ̀rọ, ló ń kọ̀ fún òun, tó ń pariwo EACCES (ìyẹn pé kò lẹ́tọ̀ọ́), lòun bá rí ẹnì kan nínú fídíò tó ní kí èèyàn tẹ èyí:

sudo chown -R $USER:$USER /usr

Àṣẹ yìí sọ ọ́ di ẹni tó ni gbogbo fáìlì inú /usr, níbi tí àwọn prógíráàmù wà. Ó tẹ̀ ẹ́, npm gbà, ó sì ń bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Ìgbà tó tún fẹ́ lo sudo ló tó mọ̀ pé nǹkan ti ṣe.

Lórí Linux àti àwọn ẹbí Unix yòókù, fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín, prógíráàmù tí èèyàn bá sì pè, orúkọ ẹni tó pè é ló fi ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ àwọn irinṣẹ́ kan wà tí èyí ò lè tó fún. Ẹ wo passwd: kó tó lè pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù yín, ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sínú /etc/shadow, fáìlì tí ẹ̀yin fúnra yín ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣí. Setuid ni àmì tó ń jẹ́ kí irú irinṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi orúkọ ẹni tó ni ín ṣiṣẹ́, ìyẹn root. Dennis Ritchie ló gbé e kalẹ̀ ní Bell Labs, wọ́n sì fún un ní patent lórí ẹ̀ lọ́dún 1979. Ìlàrí Aláàfin ni mo fi ṣàpèjúwe ẹ̀ fún àbúrò mi: orí tí wọ́n fá lápá kan ló ń jẹ́ kí ará ìlú mọ̀ pé ọba ló rán an. Lórí sudo, lẹ́tà s ni àmì náà, ó máa ń wà níbi tó yẹ kí x àkọ́kọ́ wà:

-rwsr-xr-x root root /usr/bin/sudo

Ohun tí mo bá lórí ẹ̀rọ ẹ̀ nìyí nígbà tí mo débẹ̀:

-rwxr-xr-x ayo ayo /usr/bin/sudo

Ẹni tó ni fáìlì ti yí padà, s náà sì ti di x. Èyí tó ń ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu ni ìkejì yìí, torí kì í ṣe chmod, àṣẹ tó ń yí àmì ara fáìlì padà, ni ọmọ yìí tẹ̀. Bí wọ́n bá ti pààrọ̀ ẹni tó ni prógíráàmù kan, Linux fúnra ẹ̀ ló máa ń yọ setuid kúrò lára ẹ̀, kódà kó jẹ́ root ló pààrọ̀ ẹ̀. Bó ṣe rí nìyẹn láti ẹ̀dà 2.2.13 ti kernel, ìyẹn ọkàn Linux. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Bí kò bá yọ ọ́, fáìlì tí ẹnikẹ́ni bá ti fi setuid sí yóò gba agbára root pátápátá lọ́jọ́ tí wọ́n bá yí i sí orúkọ root. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ tún irú nǹkan yìí ṣe, chown ni kó kọ́kọ́ ṣe, kó tó wá ṣe chmod. Ẹni tó bá fi chmod ṣáájú, chown á tún pa iṣẹ́ náà rẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Kí la fẹ́ fi di root wàyí? su nílò setuid, pkexec náà nílò ẹ̀, ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dí. Recovery mode, ọ̀nà tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ fún àtúnṣe, ò ràn wá lọ́wọ́, torí àbúrò mi ò fún root ní páásíwọ́ọ̀dù nígbà tó ń fi Debian sórí ẹ̀rọ, Debian sì máa ń ti root pa nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Mo tún ẹ̀rọ náà tàn, nígbà tí ojú ewé GRUB, prógíráàmù tó ń gbé Linux dìde, yọ, mo tẹ lẹ́tà e, mo wá ìlà tó fi linux bẹ̀rẹ̀, mo kọ init=/bin/bash sí ìparí ẹ̀, mo sì tẹ Ctrl-X. Dípò kí ẹ̀rọ náà gbé gbogbo nǹkan dìde, bash nìkan ló ṣí, pẹ̀lú agbára root, láì béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹni tó bá lè jókòó ti kọ̀ǹpútà yín lè ṣe ohun tí mo ṣe yìí, àfi tí ẹ bá fi LUKS, tó ń sọ ohun inú dísìkì di àṣírí tí páásíwọ́ọ̀dù nìkan ń ṣí, ti dísìkì pa.

Wọ́n máa ń ṣí dísìkì fún kíkà nìkan níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí ìlà àkọ́kọ́ fi rí báyìí:

mount -o remount,rw /
chown -R root:root /usr
chmod 4755 /usr/bin/sudo
sync
reboot -f

4 tó ṣáájú 755 yẹn ni setuid. Nígbà tí ẹ̀rọ tàn padà, sudo dáhùn. Inú ọmọ náà dùn, ó fẹ́ máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ̀, mo ní kó dúró.

Ìdí ni pé sudo nìkan kọ́ ni àmì bọ́ lára ẹ̀, su, passwd, mount, chsh àti àwọn mìíràn ṣì wà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ ẹgbẹ́ tó ni wọ́n ló ṣe pàtàkì, ìyẹn setgid: crontab jẹ́ ti ẹgbẹ́ crontab, chage jẹ́ ti ẹgbẹ́ shadow. Chown tí mo ṣe ti sọ gbogbo wọn di root:root, kò sì sí bí ẹ̀rọ náà ṣe máa dá rántí ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo tẹ dpkg --verify kí ọmọ náà lè fojú ara ẹ̀ rí i. Kò sọ nǹkan kan nípa wọn, torí ohun tó wà nínú fáìlì ló ń yẹ̀ wò, kì í wo ẹni tó ni ín. Níbi tó bá jẹ́ rpm ni wọ́n ń lò, bíi Fedora, rpm -V máa ń sọ ọ́. Ó wù mí kí Debian náà ní irú ẹ̀.

Àmọ́ àkọsílẹ̀ yẹn wà nínú fáìlì .deb, tí pákéèjì Debian máa ń wà nínú ẹ̀, fúnra ẹ̀. Ẹ gba pákéèjì wálẹ̀ láì fi sórí ẹ̀rọ, kí ẹ wo inú ẹ̀:

apt-get download passwd util-linux
for d in *.deb; do dpkg-deb -c "$d"; done | grep '^-[rwx-]*s'

Gbogbo ohun tó yẹ kó ní s á tò sílẹ̀, tòun ti orúkọ ẹni tó ni ín. Ibì kan ni èyí kù sí: ẹgbẹ́ bíi crontab àti messagebus, ìgbà tí wọ́n bá ń fi pákéèjì sórí ẹ̀rọ ni wọ́n ń dá wọn sílẹ̀, torí náà postinst, ìwé àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá tú pákéèjì, ló ń fi wọ́n sórí fáìlì, kì í sí nínú .deb. Ìdí tí mi ò fi fọwọ́ tẹ chmod lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, tí mo fi ní kí apt, irinṣẹ́ tí Debian fi ń gba pákéèjì, tún wọn gbé kalẹ̀:

sudo apt-get install --reinstall sudo passwd login util-linux mount bsdutils pkexec polkitd libpam-modules-bin cron openssh-client dbus

Dátà tí èyí jẹ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèyàn gba Debian tuntun wálẹ̀. Mo rí i pé bátìrì kún kí n tó bẹ̀rẹ̀, torí bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ sì kú nígbà tí dpkg ń tú pákéèjì, iṣẹ́ á dúró lágbedeméjì, àfi kéèyàn padà wá tẹ sudo dpkg --configure -a.

Láàpútọ́ọ̀pù tèmi náà, Debian 12 ni, mo bá fi ṣe òṣùwọ̀n. Mo tẹ èyí lórí ẹ̀rọ méjèèjì, mo sì fi diff, tó ń fi ìyàtọ̀ hàn, wo àbájáde wọn:

sudo find /usr -xdev -type f -perm /6000 -printf '%M %u %g %p\n' | sort

Fusermount3 wà nínú tèmi, kò sí nínú tiẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó wà lórí dísìkì ẹ̀. Mi ò kọ fuse3, pákéèjì tó gbé e wá, mọ́ àwọn tí mo tò sókè yẹn. Tí a bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tó bá fẹ́ fi sshfs so fódà kan mọ́ ẹ̀rọ ẹ̀ ló máa kọ̀ fún un, kò sì ní rántí chown mọ́ nígbà yẹn. Mo tún fuse3 gbé kalẹ̀, ìlà náà wọlé.

Ó ku npm tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Kò sídìí tó fi yẹ kó kọ nǹkan sínú /usr rárá:

npm config set prefix ~/.local

Debian ti ṣètò ~/.profile tó ń fi ~/.local/bin sínú PATH, ìyẹn àwọn fódà tí ẹ̀rọ ti ń wá àṣẹ, bí fódà náà bá ti wà. Ó jáde kúrò nínú àkáǹtì, ó tún wọlé, ó tẹ npm install -g fún irinṣẹ́ tó ń wá láti ọjọ́ yẹn, ó sì gbà á láì lo sudo.