Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ ibẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò

Tí mo bá ń rìnrìn àjò, ìlú kan ṣoṣo ni mo máa ń mú báyìí, mo sì máa ń lo ó kéré tán ọjọ́ 4 níbẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn yí àdúgbò tí mo dé sí ká. Lọ́jọ́ kejì, mo tún gba ọ̀nà kan náà ní wákàtí kan náà. Ìgbà yẹn lojú á ṣẹ̀ṣẹ̀ ríran: ìyá tó ń gbálẹ̀ iwájú ilé lánàá tún wà níbẹ̀, ó sì ti dá mi mọ̀.

Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kíni àti bí wọ́n ṣe ń dúpẹ́ kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya ẹnikẹ́ni ní fọ́tò. Bó bá mirí pé rárá, ẹ fi fóònù sápò. Ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé ìrìnnà yín sínú báàgì mìíràn.