Oṣù Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́: bí a ṣe ka Akínlàdé àti Òkédìjí pọ̀ lórí fóònù

Nínú ẹgbẹ́ òǹkàwé tí mo wà lórí WhatsApp, oṣù kọ̀ọ̀kan ló ní irú ìwé tí a máa ń kà. A ti ka ewì, a ti ka ìtàn ogun àti ti ọba. Nígbà tí Oṣù Kẹjọ kù sí dẹ̀dẹ̀, wọ́n gbé ìbò kalẹ̀, ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló sì wọlé. Inú mi dùn gan-an. Tí a bá ti ní ká dárúkọ ìwé Yorùbá, Fágúnwà ló ń kọ́kọ́ wá sẹ́nu gbogbo èèyàn, ó sì tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, àwọn tó kọ ìtàn olè àti ọlọ́pàá kò gba ìyìn tó iṣẹ́ ọwọ́ wọn.

Ìwé mẹ́ta la mú: Ta Ló Pa Ọmọọba? ti Kọ́lá Akínlàdé, Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969, àti Àgbàlagbà Akàn tó tẹ̀ lé e ní 1971.

Rírí ìwé náà rà kọ́kọ́ dà wá láàmú. Èmi tí mo ń gbé Ìbàdàn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ni mo ti rí méjì. Ó dájú pé ọmọ iléèwé ló ti lo ọ̀kan rí, torí pẹ́ńsù ló fi fa ìlà sábẹ́ gbogbo òwe inú rẹ̀, ó sì kọ "yóò jáde" sí ẹ̀gbẹ́ àwọn kan. Àwọn ará wa tó wà ní London àti Houston ní láti bẹ ẹbí tó ń rìnrìn àjò kó bá wọn gbé e. Ẹnì kan dábàá pé kí a máa ya fọ́tò ojú ìwé ránṣẹ́ sí wọn. Ìyá wa kan nínú ẹgbẹ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, fèsì lójú ẹsẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ra ìwé o. Bí a bá ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni yóò tún un tẹ̀?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Akínlàdé la fi bẹ̀rẹ̀. Òfin wa ò pọ̀: ibi tí a bá ní ká kà dé lọ́sẹ̀ kan, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohun tó wà lẹ́yìn ibẹ̀. Ìtàn Akínlàdé kò ṣeé kà láìsí irú òfin yìí. Akin Olúṣínà, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ rẹ̀, a máa rọra wádìí ni. Yóò bi eléyìí, yóò bi tọ̀hún, yóò fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀, ìwọ òǹkàwé náà yóò sì máa bá a fura. Tí ẹnì kan bá ti já orúkọ apànìyàn lu èèyàn, kí ló tún kù? Nítorí náà, kí a tó dé ìdajì ìwé, kálukú kọ orúkọ ẹni tó fura sí, a fi ránṣẹ́ ní bòńkẹ́lẹ́ sí ẹni tó ń darí wa, ó sì pa á mọ́ títí a fi kà á tán. Lọ́jọ́ tó tú àṣírí, ariwo sọ lójú òpó. Àwọn tó gbà á kò pọ̀. Bóyá mo wà lára wọn, n ò ní sọ, nítorí àwọn tí kò tíì kà á.

Àfi bí a ṣe wọ inú Àjà Ló Lẹrù tí gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Èèyàn ń kà á, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Ó yé mi lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan pé ọ̀nà tí a gbà ka Akínlàdé kò bá Òkédìjí mu rárá. Òkédìjí kì í fi ọ̀daràn pa mọ́ fún ọ lọ títí. Kì í pẹ́ tí wàá fi mọ àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ ibi. Ohun tí wàá máa wò ni bí Lápàdé, ọlọ́pàá àtijọ́ tí kò gba gbẹ̀rẹ́, yóò ṣe bá wọn wọ̀ ọ́, àti bí òun náà yóò ṣe bọ́ láàyè. Kí la fẹ́ máa méfò níbẹ̀? Adùn ìwé náà wà lẹ́nu àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀: èébú, àwàdà, orin, òwe tí wọ́n lọ́ po. Bí èèyàn bá sì fi ojú lásán kà á, á kàn sáré kọjá lára rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní Houston ló yọ wá. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni, ìlú kan náà tí wọ́n bí Òkédìjí sí. Lálẹ́ ọjọ́ kan ó ka ìjíròrò kan sókè, ó gbà á sílẹ̀, ó sì fi fóìsì náà ránṣẹ́. Ó ki ohùn bọ ẹnu Lápàdé, ó yí ohùn padà fún ẹnì kejì, ó rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, fóìsì ti kún òpó. Láti ìgbà náà la ti pinnu pé kí a máa pàdé lórí ìpè ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, kí a pín ẹ̀dá ìtàn láàárín ara wa, kí kálukú máa ka tirẹ̀. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni. Ní Oṣù Kẹjọ, aago London àti tiwa máa ń dọ́gba, nígbà tí Houston fi wákàtí mẹ́fà wà lẹ́yìn, ìyẹn ni pé aago méjì ọ̀sán ni wọ́n ń bá wa kà á. Nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ń já, iná ń lọ, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bú ramúramù, síbẹ̀ a kà á.

Ẹni tí èyí ṣe láǹfààní jù ni àbúrò wa kan tí wọ́n bí sí London. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n kíkà rẹ̀ ń wọ́ lórí ahọ́n rẹ̀. Fóìsì ló ń fi sí etí, á wá máa fi ìka tọ ìlà inú ìwé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, òun náà bọ́ síta, ó gba ipa ọlọ́pàá kan, ó sì kà á délẹ̀. Ìyá wa olùkọ́ kì í jẹ́ kí òwe kan kọjá láìbi wá pé ìgbà wo la máa ń pa á, ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n nílé tiwọn lọ́nà mìíràn á sọ ọ́. Ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkìtì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà lórí ọ̀kan.

Àríyànjiyàn kan tún wáyé. Àwọn kan fẹ́ kí a fi Atótó Arére kún un, ìwé Òkédìjí tó jáde ní 1981. Àwọn yòókù ní kò bá oṣù yìí mu, torí pé ìtàn Àlàbí, ọmọ tí ìyà ilé lé sínú ìwà ọ̀daràn, kì í ṣe ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Èmi ò bá wọn jiyàn. Ìwé náà wúwo lọ́kàn ju kí a sáré kà á ní ìparí oṣù lọ.

Ìwé mẹ́ta sì ti pọ̀ jù lóòótọ́. Àwọn kan ka Àgbàlagbà Akàn wọ Oṣù Kẹsàn-án, kò sẹ́ni tó lé wọn. Tí a bá tún un ṣe, Akínlàdé kan àti Òkédìjí kan ti tó fún oṣù kan, kí Akínlàdé ṣáájú, kí kíkà sókè sì ti bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí a bá ṣí ìwé Òkédìjí.