Máàkì ènìyàn 38 ni mo dà nù kí n tó di ọ̀mọ̀wé

Iṣẹ́ ìwádìí oṣù mẹ́ta ló gba oṣù 14 lọ́wọ́ mi. Owó ọkọ̀ àwọn tó ń wá ṣe ìdánwò, búrẹ́dì àti ẹyin tí mo ń fún wọn, owó fọ́tòkọ́pì, àpò ara mi ni gbogbo rẹ̀ ti jáde, mi ò sì rí kọ́bọ̀ gbà padà.

Ohun tí mo ń wádìí kò ṣòroó sọ. Sàìkósíìsì ni àìsàn tí í mú kí ènìyàn máa gbọ́ ohùn ẹni tí kò sí níbẹ̀, tàbí kó gbà pé àwọn ará àdúgbò ń lépa òun. Schizophrenia jẹ́ ọ̀kan lára àwọn àìsàn tó ń fa irú èyí. Nínú ènìyàn mẹ́ta tó bá ní in, bí ẹnì kan ni oògùn tí a máa ń kọ́kọ́ fún wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ràn lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ oṣù á ti lọ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan clozapine, oògùn tí a máa ń lò nígbà tí àwọn yòókù bá kùnà. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá bí ìrántí àti ìfọkànsí ènìyàn ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ lè jẹ́ ká tètè dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ mọ̀.

Kíkọ ìwé àbá, wíwá ọ̀gá tí yóò tọ́ mi sọ́nà, gbígba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀: ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń lọ. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, ẹ kúnlẹ̀. Mi ò ní máa rò ó níbí.

Ìdánwò ìrònú ni wàhálà mi. Mo mú àwọn èyí tí wọ́n ń lò káàkiri ayé, mo sì tú wọn sí Yorùbá láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Inú mi dùn débi pé mo fi han ìyá mi nílé. Ẹ má wulẹ̀ dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ní àìsàn yìí àti ìyá rẹ̀ wọlé. Màmá ń ta ata. Mo bẹ̀ wọ́n kí àwọn náà ṣe é, torí mo nílò àwọn tí ara wọn dá, tí mo máa fi wé àwọn aláìsàn. Ká tó bẹ̀rẹ̀, fóònù wọn dún: oníbàárà kan ń jiyàn lórí gbèsè. Màmá ò wo ìwé kankan. Wọ́n ka iye tí obìnrin náà jẹ láti ọjọ́ ọjà mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n yọ èyí tó ti san, wọ́n tún yọ owó apẹ̀rẹ̀ kan tó jẹrà. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe ìdánwò mi, máàkì wọn sì wálẹ̀ ju ti ọmọ wọn lọ.

Ọ̀gá mi ní kí n dán an wò lára àwọn ẹbí mìíràn. Bákan náà ni gbogbo wọn ń ṣe.

Nínú ìdánwò kan, ènìyàn máa fi ìṣẹ́jú kan dárúkọ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá fi F, A tàbí S bẹ̀rẹ̀. Fún Gẹ̀ẹ́sì, kò burú. Ṣùgbọ́n fáwẹ́lì ló ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ orúkọ tiwa: ilé, ọmọ, ewúrẹ́, àga. Bí ẹ bá ní S, wọ́n á ní "sùn", wọ́n á ní "sè", wọ́n á wá máa wo àjà. Ẹni tí kò lọ ilé-ìwé ò tilẹ̀ mọ ohun tí ẹ ń bèèrè.

Ìdánwò mìíràn ni èyí tí a ti ń fa ìlà láti 1 sí A, sí 2, sí B, títí dé 13, tí aago sì ń ka ìṣẹ́jú. Bàbá kan wá, ẹ̀kọ́ alẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti kọ́ ìwé, a-b-d ni wọ́n sì kọ́. Wọ́n fà á dé 3, wọ́n gba D lọ. Mo ní, "Bàbá, C ló kàn." Wọ́n bọ́ awò ojú wọn. "Dókítà, ta ló gbé C wá sáàárín B àti D?" Òfin ìdánwò ni pé kí n tọ́ wọn sọ́nà, kí aago má sì dúró. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ álífábẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ bí àìlera ọpọlọ.

Èyí tó bí mi nínú jù ni ti nọ́ńbà, torí òun ni mo rò pé kò lè ní wàhálà. A ó ka nọ́ńbà fún ènìyàn, á kà á padà, á tún kà á láti ẹ̀yìn. Ẹ wá gbọ́ èyí nínú yàrá tí jẹnẹrétọ̀ ń hó lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀: ẹ̀ta, ẹ̀fà, èje, ẹ̀jọ, èjì. Etí ló ń ṣì í gbọ́, ọpọlọ ò mọ̀ sí i. Àwọn ọ̀dọ́ sì ń yí i sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ọkàn wọn, wọ́n tún ń yí i padà kí wọ́n tó dáhùn. Oṣù márùn-ún ni mo fi bá èyí nìkan jà. Mo pààrọ̀ yàrá. Mo gba ohùn sílẹ̀. Mo lọ bá onímọ̀ èdè kan, ó bá mi sọ̀rọ̀ fún wákàtí méjì, orí ló fọ́ mi bọ̀.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ gúgúrú lẹ́nu ọ̀nà ló yanjú ẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí wọ́n pe nọ́ńbà fóònù wọn fún yín." Èdè tí ènìyàn bá fi pe nọ́ńbà fóònù rẹ̀ ni kí ẹ fi dán an wò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló fi Gẹ̀ẹ́sì pè é, títí kan màmá aláta. Oṣù márùn-ún!

Mo da máàkì ènìyàn 38 nù, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo yọ lẹ́tà kúrò, mo fi orúkọ ẹranko rọ́pò rẹ̀. Ìjà tún dé: ṣé ẹyẹ jẹ́ ẹranko? Ẹja ńkọ́? A fohùn ṣọ̀kan pé ohunkóhun tó bá ń mí, kó wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá mi kọ èsì kì í fi àmì ohùn sí nǹkan kan. Ẹnì kan dárúkọ ọ̀pọ̀lọ́, ó kọ "opolo" sílẹ̀, ẹni tó ń ṣírò máàkì sì fagi lé e pé ọpọlọ kì í ṣe ẹranko. Láti ọjọ́ náà ni àmì ohùn ti di dandan. Nígbà tí màmá aláta padà wá, máàkì wọn lórí ẹranko ga ju tèmi lọ. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ìyẹn.

Apá tí mo ti ń wò bóyá oògùn ṣiṣẹ́ ò yọ mí lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀, àfi ìṣirò kan. PANSS tí a fi ń wọn bí àìsàn ṣe le sí ní àmì 30, máàkì 1 ló sì kéré jù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò ní àmì kankan á gba 30, kò lè gba òdo. Bí ẹnì kan bá ti 100 bọ́ sí 80, ẹ kọ́kọ́ yọ 30 kúrò: 70 di 50, ohun tó fi dín kù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 29 nínú 100, kì í ṣe 20. Mo ti ṣírò gbogbo ẹ̀ tán kí n tó mọ̀.

Ẹ kọ gbogbo oògùn sílẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Mo kọ haloperidol tó ń wo àìsàn náà, mo gbàgbé Artane tí wọ́n ń fún wọn kí haloperidol má bàa mú ara wọn gan, Artane sì máa ń mú ìrántí wálẹ̀. Mo padà lọ tú fáìlì nínú eruku. Ẹ má sì bèèrè bíi ọlọ́pàá. Igi asọfẹ́yẹjẹ tí àwọn àgbà fi ń wo àìsàn yìí ní reserpine nínú, oògùn tí àwọn dókítà òyìnbó náà lò fún un ní nǹkan bí ọdún 1954. Mo bi bàbá kan léèrè bóyá ọmọ wọn ń lo oògùn mìíràn. Wọ́n ní rárá o. Mo wá bèèrè ohun tí wọ́n fún un mu láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wọ́n tú nylon, wọ́n gbé ìgò kan kalẹ̀ lórí tábìlì mi.

"Èyí kì í ṣe oògùn kẹ̀, Dókítà. Àgbo ni."